Sí Ẹ̀yin Tí A Bí Ṣáájú 2004

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B kún àwọn tí wọ́n ń gún fún ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n bá ti bí yín ṣáájú ìgbà náà, àpá abẹ́rẹ́ lè wà lápá yín lóòótọ́, kí ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ má sì sí níbẹ̀. Ẹ bi ìyá tó bí yín. Ẹ̀yin yìí kan náà lẹ ń fẹ́ ara yín sọ́nà báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé.

Ẹ ń bẹ̀rù éèdì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ yìí ń ranni jù ú lọ. Inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀ àti omi ojú ara obìnrin ló ń gbé, ó sì lè lo ọjọ́ méje lórí abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí. Ẹni tó ní in lè máa dán fún ogún ọdún, kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹyinjú bá pọ́n rúsúrúsú, wọ́n á ní ibà pọ́njú ni, wọ́n á gbé àgbo kaná.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ rèé. Àwọn àfẹ́sọ́nà méjì lọ ṣe àyẹ̀wò tí ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kan, kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, ilà méjì ti yọ sórí ti ìyàwó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹbí ọkọ ti ní àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n ti ya ife àti ṣíbí ọmọ ọlọ́mọ sọ́tọ̀. Nítorí kí ni? Àjọjẹ kì í kó o ranni, ìdìmọ́ni kì í kó o ranni. Kí ọkọ lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Bí kò bá ní in, kí ó gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ pé, kí wọ́n máa lo rọ́bà títí àyẹ̀wò yóò fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà ti mú. Kí ìyàwó rí dókítà. Òògùn wà tó ń ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò. Bó bá bímọ, kí wọ́n gún ọmọ náà kí wákàtí 24 tó pé. Ìgbéyàwó yẹn kò ní ìdí kankan láti tú ká.

Àyẹ̀wò ló ń ṣáájú, torí abẹ́rẹ́ kì í lé kòkòrò tó ti wọlé. Mẹ́ta ni abẹ́rẹ́ náà: ti òní, ti oṣù kan sí i, àti ti oṣù kẹfà sí àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta yìí lẹ máa ń gbàgbé, nítorí ara yín le. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú fóònù. Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ náà ló ń kó àrùn ranni, irọ́ ni. Láti 1986 ni wọ́n ti ń fi ìwúkàrà, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, ṣe ẹ̀dà èèpo kòkòrò náà nìkan. Kò sí kòkòrò fúnra rẹ̀ nínú ìgò.

Bí olólùfẹ́ yín bá ju ẹyọ kan lọ, bí ọkùnrin ni yín tí ẹ ń bá ọkùnrin sùn, bí ẹ bá ní HIV, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì bó ṣe rí. Ẹ̀yin tó wà ní London, àwọn ilé ìwòsàn ìbálòpọ̀ ìjọba ń gún un lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú yín. Nọ́ọ̀sì tó bá bú yín, ẹ kúrò níwájú rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Bí rọ́bà bá sì já, tí ẹ mọ̀ pé ẹni náà ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró dọ̀la. Abẹ́rẹ́ tí a tètè gún ṣì lè ṣíwájú kòkòrò náà.

Èmi ni ìyá yín, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì.