A Dáàbò Bo Irin, Ta Ni Yóò Dáàbò Bo Òṣìṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan àwọn ará wa tí ń fi iná mànàmáná lẹ síǹkì mọ́ irin, ó sì kan ẹ̀yin awakọ̀ àti mẹkáníìkì pẹ̀lú.

Gbogbo wa mọ̀ pé omi àti afẹ́fẹ́ ló ń mú irin dógùn-ún, iyọ̀ etí òkun a sì máa mú un yá. Bí a bá fi síǹkì bo irin, síǹkì ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Kódà bí ibì kan bá họ, èyí tó wà nítòsí rẹ̀ yóò ṣì máa gba ìyà náà jẹ fún irin. Ìdí nìyí tí páànù orí ilé wa fi ń pẹ́. Inú síǹkì yíyọ́ ni wọ́n ń ri páànù sí. Ṣùgbọ́n inú táǹkì omi kẹ́míkà ni bóòtù àti nọ́ọ̀tì ń wọ̀, iná mànàmáná a sì lẹ síǹkì mọ́ wọn lára, nǹkan bí ìdá kan nínú 100 mìlímítà péré. Bí a bá pò ó mọ́ níkẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n 12 sí 15 nínú 100, a máa pẹ́ ní ìlọ́po-ìlọ́po ju síǹkì lásán lọ.

Irin rí ààbò. Ẹni tó dúró ti táǹkì ńkọ́? Níbi tí wọ́n bá ti ń lo sáyánáìdì, bí ásíìdì bá kàn án, gáàsì tí ń pani ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò rú jáde. Níkẹ́ẹ̀lì a máa mú ara yún. Kúrómíọ̀mù oníyẹ́lò tí wọ́n fi ń parí iṣẹ́ a máa dá egbò sọ́wọ́, a máa lu àárín imú, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní Yúróòpù, òfin ti lé e kúrò lára ọkọ̀ tuntun láti 2007, wọ́n sì ń lo irú mìíràn tí kò léwu tó o. Ṣé ẹ̀dọ̀fóró tiwa kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró ni?

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má rò pé kò kàn yín. Nígbà tí wọ́n bá ń lẹ síǹkì mọ́ bóòtù líle, háídírójìn a máa wọ inú irin, a sì sọ ọ́ di ohun tí ń ṣẹ́ lójijì. Oògùn rẹ̀ ni kí a tètè yan bóòtù náà nínú ààrò, ní nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, fún wákàtí mélòó kan. Ọ̀gá tó bá fo èyí nítorí owó iná, ẹ̀mí yín àti ti èrò ọkọ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 ti di ẹrù aṣọ ààbò àti kíkó èéfín burúkú kúrò lé agbanisíṣẹ́ lórí. Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kì í ṣe ojú rere:

Kí fáànù tí ń fa èéfín wà létí táǹkì kọ̀ọ̀kan. Kí ìbọ̀wọ́, bàtà rọ́bà àti awò ojú tó kárí. Kí ásíìdì àti sáyánáìdì má ṣe gbé pọ̀. Kí dókítà máa yẹ̀ wá wò lọ́dọọdún, kí ilé-iṣẹ́ sanwó rẹ̀. Kí wọ́n kọ wákàtí tí bóòtù lò nínú ààrò sílẹ̀. Agolo mílíìkì kì í ṣe oògùn èéfín. Ẹ má gbà á dípò fáànù.

Iṣẹ́ síǹkì ni kí ó jẹ tán nítorí irin. Kì í ṣe iṣẹ́ tiwa. Ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa, kí ẹ sì sọ ohun tí ojú yín ń rí nídìí táǹkì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.