Àwọn Tí Ń Há Ìdáhùn Sórí Ní Ìsàlẹ̀ Òkè Mápó

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ohun tí mo gbé wá sí ojú ìwé yìí kì í ṣe ìtàn ìfẹ́ tí àwọn ọmọ ọdún kìíní máa ń kọ́kọ́ wá bí wọ́n bá ṣí ìwé ẹgbẹ́ wa. Ìjà ni mo wá jà.

Ní ọjọ́ kan mo ń sọ̀kalẹ̀ láti Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà Ọba, tí àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn ń pè ní Ọjà Ìbà nítorí Ìbà Olúyọ̀lé. Mo yà sọ́dọ̀ ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Ìyá mi ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó bí mi, nítorí náà n kò lè kọjá láìkí i. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó sórí àpótí lẹ́yìn àpò èlùbọ́, ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tí ń fa tẹ̀súbáà. Mo rò pé àdúrà ni ó ń gbà. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo gbọ́ ohun tí ó ń wí: "Ìkíní, B. Ìkejì, D. Ìkẹta, A. Ìkẹrin, A."

Mo ní, "Àbúrò, kí ni èyí?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀sán, sà. Ìdánwò àwọn ọmọ ogun òfurufú ni. Mo fẹ́ di ọ́físà kí n máa wa bàálù. Ẹnì kan ni ó ta ìdáhùn fún mi."

"Ìbéèrè ńkọ́?"

"Kò fún mi ní ìbéèrè, sà. Ó ní ìdáhùn ni ó ṣe pàtàkì."

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí ti gba oyè ní yunifásítì. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni ó fi ra ìwé pélébé kan ṣoṣo, láti inú owó èlùbọ́. Mo bi í pé bí kọ̀ǹpútà bá da ìbéèrè rú ńkọ́, tí ìkíní tirẹ̀ di ìkẹtàlá lọ́dọ̀ ẹni tí ó jókòó tì í? Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ni ó ń ṣe é."

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni obìnrin kan dé, ó ra kóńgò méje ní ₦1,850 kọ̀ọ̀kan, ó sì na ₦20,000 sílẹ̀. Ọmọ náà ń wá fóònù nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ kí ó lè ṣírò rẹ̀. Kí ó tó rí i yọ, ìyá rẹ̀ ti wí pé, "Ẹgbàá méje ni ì bá jẹ́, àádọ́jọ méje ni kí ẹ yọ níbẹ̀. Ẹ gba 7,050 yín." Mo fa bírò yọ, mo ṣe é sẹ́yìn ọwọ́ mi. Kò fi kọ́bọ̀ kan ṣì í.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi yé: ìyá yìí ti ní ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún rà. Àbùkù ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà nìkan.

Kí ni ìdánwò yìí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní aptitude test? Lóòótọ́ tiwa ní ilẹ̀ yìí ń béèrè èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti ìmọ̀ gbogbogbòò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ti àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, nítorí pé wọ́n tẹ ìwé tí ó ṣàlàyé rẹ̀ jáde fún ẹni gbogbo. Apá kan nínú rẹ̀ ni pé a óò fi àtẹ tí ó kún fún iye hàn ọ́, ìwọ yóò sì wá ibi tí ìlà méjì ti pàdé, 40 ìbéèrè ní ìṣẹ́jú 7. Apá kan ni pé a óò ya agogo méjì tí ó wà lójú awakọ̀ fún ọ, ìwọ yóò sì sọ bí ọkọ̀ ṣe wà lójú sánmà: ó ha ń gùn ni, tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀, tàbí ó tẹ̀ sí òsì? 25 ni ìyẹn, ìṣẹ́jú 5 sì ni gbogbo àkókò rẹ̀. Ní apá mìíràn a óò ya búlọ́ọ̀kù tí a tò jọ, ìwọ yóò sọ iye tí ó fara kan ọ̀kan nínú wọn, títí kan àwọn tí ojú kò rí: 30, ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ààbọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ra "ìkíní B, ìkejì D", ibo ni ẹ ó há èyí sí?

Kì í ṣe ìkà ni ó mú kí àwọn aláṣẹ dá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́, ilé ìwé tí ó lọ àti awọ ara rẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yan ọ́físà. Títí di oṣù October 1939, òfin àwọn ọmọ ogun òfurufú wọn kò gba ẹni tí kì í ṣe òyìnbó pọ́ńbélé ní ipò ọ́físà. Ogun ni ó fi ipá ṣí ìlẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, gbà wọlé, tí ó fi di ọ́físà ní 1942, òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní 1945 ni ọkọ̀ òfurufú pa á, ogun kò tíì parí.

Àwọn Amẹ́ríkà ní tiwọn rí i pé ọkọ̀ ń fọ́, ọmọ ń kú, owó sì ń ṣòfò. Ní 1943, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ John Flanagan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo wa fi sọ́kàn. Wọ́n ṣe ìdánwò fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lé ní 1,000, wọ́n fi máàkì wọn pamọ́, wọ́n sì kó gbogbo wọn lọ kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfurufú, àti ẹni tí ó yege àti ẹni tí ó gba òdo. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí ni wọ́n ṣí máàkì wò. Nínú àwọn tí máàkì wọn kéré jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ọ̀kan tí ó parí ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tí ó bá fi ìwé ìdáhùn gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá kò rẹ́ Ilé Iṣẹ́ Ọmọ Ogun jẹ o. Ara rẹ̀ ni ó ń rẹ́ jẹ, pẹ̀lú ẹni tí yóò jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Mo ti mọ èsì tí àwọn kan nínú yín ń pọ́n sílẹ̀. Wọ́n á ní, "Ta ni ó ń fi ọpọlọ wọlé ní Nàìjíríà? Ẹni tí ó ní ènìyàn lókè ni ó ń wọlé." Èmi kò ní bá yín purọ́. Ojúsàájú wà, ojú wa sì ti rí i. Òfin pàápàá wà pé kí ipò pín káàkiri: abala 217 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé kí àwọn ọ́físà àti àwọn ọmọ ogun wá láti gbogbo ẹ̀yà orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn sọ fún ọmọ Ọ̀yọ́? Ó sọ pé àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ ẹgbẹ́ rẹ ni ìwọ yóò bá du ipò tí ó kan ìpínlẹ̀ rẹ, àwọn náà ń ra ìwé pélébé kan náà, ẹni tí ó bá fi ọpọlọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ni yóò sì yọ láàárín wọn. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń há B àti D sórí, ta ni kò rí i pé ẹni tí ó mọ ìṣirò ni yóò tayọ?

Àti pé ìlú wo ni a wà tí a ń sọ bẹ́ẹ̀? Ìbàdàn ni! Ìlú tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí 1829, níbi tí wọn kì í ti bi akọni pé ọmọ ta ni ọ́. Fẹ̀sù ni Ogunmọ́lá ti wá. Ìlọrá ni Látòósà ti wá. Ohun tí ọwọ́ wọn ṣe ni ó gbé wọn dé orí àga, nínú ìlú tí bàbá ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò ti jọba. Kí ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ wá jókòó ní ìsàlẹ̀ Mápó kí ó máa wá ẹni tí yóò bá òun sọ̀rọ̀ lókè, ìtìjú ni.

Ẹ má sì sọ fún mi pé iṣẹ́ àwọn ọkùnrin líle ni. Ní October 2019, ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi ìyẹ́ awakọ̀ sí àyà Kafayat Sanni tí ń wa ọkọ̀ ogun àti Tolúlọpẹ́ Arótilé tí ń wa hẹlikópítà. Arótilé kò pé ọmọ ọdún 25 nígbà tí ó kú ní July 2020.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. Bí awakọ̀ bá dojú kọ 065 lórí agogo atọ́nà, tí wọ́n sì ní kí ó yí padà gba ibi tí ó ti ń bọ̀, ó ní láti fi 180 kún un, kíákíá, pẹ̀lú ariwo ẹ́ńjìnnì létí rẹ̀. Báwo ni àwọn olùkọ́ wọn ti ń kọ́ wọn láti ṣe é lọ́kàn? "Fi igba kún un, kí o yọ ogún kúrò." 265, yọ ogún: 245. Ó parí. Kí ni èyí bí kò ṣe ìṣirò Yorùbá? Àwa tí a ń pe 185 ní márùndínláàádọ́wàá, ogún lọ́nà mẹ́wàá, yọ mẹ́wàá, tún yọ márùn-ún! Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ náà kò ṣe 1,850 lọ́nà méje. Ó gùn dé ẹgbàá méje, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń múlẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ láti ibẹ̀. Awakọ̀ tí ń sá 120 máìlì ní wákàtí kan mọ̀ pé máìlì méjì ni òun ń sá ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà 36 máìlì ni òun yóò ti sá ní ìṣẹ́jú 18. Kò ní àyè láti máa wá fóònù nínú àpò.

Àwa ńkọ́, àwa ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá? Lọ́dọọdún ni a ń kọ àròkọ tí ó yin ètò ìkà wa pé ó jinlẹ̀. Mo ní kí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ka 315 fún mi ní Yorùbá láìronú, ó ní "three hundred and fifteen." Mo bu ú, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹ̀yin olùkọ́ wa sílẹ̀. Ta ni ó kọ́ ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ pé ìdáhùn ṣe pàtàkì ju ìbéèrè lọ? Ọdún mẹ́rin ni ó fi ra ìwé àkọsílẹ̀ olùkọ́, tí ó há a sórí, tí ó sì dà á padà sórí ìwé ìdánwò bí ó ti gbà á. Ẹni tí ó ta ìwé pélébé fún un ní Ọjà Ọba kò ṣe ju pé ó parí iṣẹ́ tí àwa bẹ̀rẹ̀ lọ.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún Ilé Iṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú náà. Ẹ ti kéde léraléra pé ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù yín, ẹ ṣeun. Ẹ tẹ ìwé kékeré kan, kí ẹ fi àpẹẹrẹ irú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan hàn nínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ iye ìṣẹ́jú tí ó gbà. Níbi tí òtítọ́ bá ti wà lọ́fẹ̀ẹ́, èké kì í rí ọjà tà.

Ṣùgbọ́n n kò ní jókòó de ìwé náà. Mo ti ya agogo mẹ́fà sórí páálí, mo sì ti gé igi kéékèèké tí a lè tò jọ kí a máa kà. Ọ̀sán Sátidé ni a ń pàdé nínú yàrá ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó mú bírò wá. Ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òun ni ó sì ń ṣírò owó gbogbo oníbàárà nísinsìnyí. Ní ọjọ́ kìíní ó fi ₦400 lé owó tí ó yẹ kí ó dá padà fún obìnrin kan. Ìyá rẹ̀ yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ rẹ̀.