Ta Ló Ń Ṣírò Oúnjẹ Aboyún?

Kò sí olóko adìẹ kan láti Ẹgbẹ́dá títí dé Ẹ̀rúnmu nílẹ̀ Ìbàdàn tí kò lè ka ohun tó wà nínú oúnjẹ adìẹ rẹ̀ fún yín láì wòwé: àgbàdo, sóyà, dúsà, eegun lílọ̀, iyọ̀, lysine, methionine, àti nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní choline. Choline yìí kì í pọ̀ nínú àpò oúnjẹ, àmọ́ ẹni tó bá gbójú fò ó dá yóò rí i lójú ara rẹ̀. Ọ̀rá á bo ẹ̀dọ̀ adìẹ, ẹsẹ̀ òròmọdìẹ á wọ́, iye ẹyin á já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rà á, bó ti wù kó wọ́n tó.

Àwọn obìnrin ló ń bá mi ṣa ẹyin. Kì í pẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn tún lóyún. Ẹyin tó bá sán nígbà tí a bá ń tò ó sínú kíréètì, àwọn ni mo máa ń fún. Mo wá kíyè sí i pé aboyún kì í jẹ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń din ẹyin fún àwọn ọlọ́kadà létí títì ló ń kó o lọ. Mo bi ọ̀kan léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Dádì, ìyá ọkọ mi ló ní kí n má jẹ ẹ́. Wọ́n ní ọmọ tó bá ti jẹ ẹyin látinú oyún, olè ló máa jà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó tún ní, “Owó tí mò ń rí níbẹ̀ náà ń kó wa yọ, sà.” Èèwọ̀ ni ìdí àkọ́kọ́, àìní ni ìkejì. Lójú tèmi, ìkejì ló lágbára jù.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò lọ títí. À ń ṣírò oúnjẹ adìẹ torí pé a mọ̀ pé ohun tó bá jẹ ló máa hàn lára ẹyin. Ti aboyún ńkọ́? A fi sílẹ̀ fún oríire àti ìyá ọkọ. Bí ọmọ bá wá dàgbà tí kò lè fara balẹ̀, òun la máa ń nà.

Ẹ wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ èyíkéyìí ládùúgbò wa. Ẹ ó bá ọmọ kan níbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ kì í gbé orí bẹ́ǹṣì, tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹ́ta láì parí ọ̀kan, tí yóò ti dáhùn kí tíṣà tó béèrè tán. Olóríkunkun ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́. Nílé, wọ́n ní emèrè ni. Pàṣán ni oògùn àkọ́kọ́, ilé wòlíì ló tẹ̀ lé e. Àwọn dókítà ń pe irú ìṣòro yìí ní ADHD, wọn kì í sì í sáré sọ pé ọmọ ní in. Ó gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kó ti hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12, kó sì máa hàn níbi tó ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ. Ọmọ tó kàn fẹ́ràn eré kọ́ nìyẹn. Ìrànlọ́wọ́ ò sì jìnnà. Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nípa ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omigbodun dá sílẹ̀, ilé ìwòsàn UCH sì ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé oúnjẹ ìyá ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbí ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ADHD: ọmọ lè jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá gẹ́gẹ́ bó ṣe lè jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àmọ́ a kò lè pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìran, a lè pààrọ̀ ohun tó wà nínú ìkòkò.

Ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín àwọn aboyún kan sí ọ̀nà méjì ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn oyún wọn. Àwọn kan ń jẹ choline 480 milligram lójúmọ́, tó ju 450 tí wọ́n ní kí aboyún máa jẹ lọ díẹ̀. Àwọn yòókù ń jẹ 930. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọmọ ọdún méje, wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ tó gba kí èèyàn tẹjú mọ́ nǹkan pẹ́. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn jẹ 930 ló ṣe dáadáa jù. Ọdún 2022 ni àbájáde yẹn jáde. Àwọn ọmọ náà kò pọ̀, wọn kò tó 30, nítorí náà mi ò ní fi búra. Ẹyin kan ní choline tó tó nǹkan bíi milligram 150. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣírò rẹ̀.

Choline nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sweden lórí àìtó ẹ̀jẹ̀ aboyún tóbi ju ìyẹn lọ. Ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù èèyàn tí wọ́n wo àkọsílẹ̀ ìlera wọn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Nínú àwọn tí dókítà ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn kò tó kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 30, ìdá 9.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ADHD. Nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn tó, 7.1 ni. Ti àwọn tó jẹ́ pé ìparí oyún ni ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 7.1 yìí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ aboyún wa ni kì í dé ilé ìwòsàn alábọ́dé lọ forúkọ sílẹ̀ títí ikùn á fi yọ síta! Ìwádìí ìlera tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2018 sì fi hàn pé bí aboyún mẹ́wàá bá jókòó, bíi mẹ́fà nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá tún ní wàhálà tirẹ̀. Ní Ọlọ́dó, wọ́n da ìdàrọ́ bátìrì ọkọ̀ sílẹ̀ nígbà kan rí. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládélé Osibanjo wà lára wọn, yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ àti ewéko tó hù níbẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2008: òjé kún inú ilẹ̀ náà. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kì í sì í jẹ́ kó lè fọkàn sí nǹkan. Ara tí iron àti calcium kò tó nínú rẹ̀ ló sì máa ń gba òjé wọlé jù. Aboyún tí kò jẹun dáadáa ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì ni ewu ti ń bá ọmọ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ẹlẹ́yin ló ń polówó ẹyin. Òótọ́ ni, ẹyin ni mò ń tà. Àmọ́ choline wà nínú sóyà, ẹ̀wà, ẹja àti ẹran náà. Ẹyin nìkan kò sì lè wo àìtó ẹ̀jẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ń fún aboyún ni kó máa lò, kó má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí pé ó ń rí i lára, kó sì máa jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja àti ẹran. Ìgbín tí wọ́n ní á jẹ́ kí ọmọ máa da itọ́, iron wà nínú rẹ̀. Edé àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun ní calcium. Kò sí èyí tó wá láti òkè òkun nínú wọn.

Ohun tí mò ń bẹ ẹgbẹ́ àwa olóko adìẹ fún nìyí. Adìẹ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, ẹyin kéékèèké ló máa ń yé. Àwọn oníbàárà wa kì í fẹ́ ẹ, iye tí a sì ń tà á kò tó nǹkan. Ẹyin gidi ni. Kí oko kọ̀ọ̀kan yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ ọn, kí wọ́n sè é jinná, kí aboyún sì jẹ ẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ ìtọ́jú, kí nọ́ọ̀sì náà jẹ tirẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ẹyin kan lọ́jọ́ ìtọ́jú kò lè bọ́ ọmọ inú oyún, mo mọ̀. Èèwọ̀ ló máa fọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí owó náírà tuntun dàwáàrí, ẹyin jọ sílẹ̀ lọ́wọ́ wa títí ó fi ń bà jẹ́. Tí irú ètò yìí bá ti wà nígbà náà, à bá mọ ibi tí à bá kó o lọ.

Èyí tó kù di ọwọ́ àwa ọkọ. Àwa la ń fún ìyàwó lówó ọbẹ̀, àwa náà la sì ń dákẹ́ nígbà tí ìyá wa bá ń ka èèwọ̀ sí i lórí. Ọkùnrin tó lè ra àgbò ìkómọ lè ra ẹyin oyún. Kó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kó gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, kó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ olè yẹn.

Alága ẹgbẹ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìwé ìpàdé tó ń bọ̀. Èmi á mú kíréètì mẹ́wàá wá. Kí kálukú máa ro iye tirẹ̀ bọ̀.