Òfin Kì Í Ṣe Ìlù Ògìdìgbó

Àwọn àgbà wa ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó: ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ohun ọlá ni èyí jẹ́ fún ìlù, ṣùgbọ́n àbùkù ni fún òfin. Ẹni tí ìjọba yóò fi òfin dè, ó tọ́ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ òfin náà, kí ó sì yé e. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó wo ìtàn ilẹ̀ Jàpáànì.

Ní ọdún 1742, ìjọba Tokugawa Yoshimune kó òfin àti ìjìyà jọ sínú ìwé kan. Ìwọ̀nba ìjòyè díẹ̀ ni a gbà láàyè láti ka apá tí ìjìyà wà. Pátákó igi tí a rì mọ́lẹ̀ ní oríta àti ní ẹsẹ̀ afárá ni mẹ̀kúnnù ń wò. Ìwé tí a fi ń dá wọn lẹ́jọ́ wà ní ìkọ̀kọ̀.

Nígbà tí ìjọba Meiji dé ní 1868, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn àṣẹ rẹ̀ jáde fún títà. Ní 1873, ó mú àwọn pátákó kúrò. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ọdún 1883, ó dá Kanpō sílẹ̀, èyí tí í ṣe ìwé ìkéde ìjọba. Àwa kì yóò yin ìjọba náà ju bí ó ti yẹ lọ. Láti 1875 ni ó ti ní òfin tí ó fi ń fi àwọn olóòtú ìwé ìròyìn sẹ́wọ̀n, ó sì fẹ́ kí Kanpō máa fi ohùn ìjọba dá àwọn ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ òṣèlú lóhùn. Síbẹ̀, ohun rere ti inú rẹ̀ jáde. Ní 1886, a pàṣẹ pé òfin kò ní múlẹ̀ ní agbègbè kan títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn tí Kanpō bá ti dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìwé dé ọwọ́ ẹni yàtọ̀ sí kí ọ̀rọ̀ yé ẹni. Èdè àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ lẹ́nu ni a fi ń kọ òfin. Ní 1946, Yamamoto Yūzō, òǹkọ̀wé ìtàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ ìjọba pé kí a fi èdè ẹnu kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun. Ìjọba gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Àmọ́ òfin ìwà ọ̀daràn ti 1907 kò bọ́ nínú èdè àtijọ́ títí di 1995.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹjọ́ kan yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 1954, Kanpō gbé àtúnṣe òfin oògùn olóró jáde, tí ó fi kún ìjìyà, tí ó sì múlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, oògùn náà wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Hiroshima. Ní 1958, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ pé òfin ti di mímọ̀ láti aago mẹ́jọ ààbọ̀, nítorí pé ará ìlú ti lè ka Kanpō tàbí kí ó rà á ní Tokyo ní wákàtí náà. Hiroshima jìnnà sí Tokyo ju 600 kìlómítà lọ! Àwa gbà pé òfin gbọ́dọ̀ ní wákàtí tí yóò bẹ̀rẹ̀, a kò sì gbèjà oògùn olóró. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n 1886, tí ó dúró de ìwé kí ó dé, sàn ju ìkánjú 1954 lọ.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, ọdún 2025, èyí tí a gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ojúlówó Kanpō. Lónìí, Hiroshima àti Tokyo lè kà á ní ìṣẹ́jú kan náà. Ó dára bẹ́ẹ̀, bí a kò bá gbàgbé ẹni tí kò ní ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ̀kọ́ náà kò fara sin. Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí a pa òfin mọ́, kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ó sọ ọ́ ní èdè tí ìyálọ́jà àti àgbẹ̀ ń sọ, kí ó sì fún wọn láàyè láti gbọ́. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìdẹkùn ni ó ń dẹ; kò ṣe òfin.