Ìbọn Afẹ́fẹ́ Onígáàsì: Agbára Kọ́ Ló Yẹ Kí Olùrà Kọ́kọ́ Béèrè

Ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn afẹ́fẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: èwo ló lágbára jù? Ìbéèrè náà kò wúlò tó bí ó ṣe ń dún létí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn tí agbára rẹ̀ kò ju 12 ft-lb lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bíi joule 16, ni àgbàlagbà lè rà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Bí ó bá fi díẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, ó ti bọ́ sí abẹ́ òfin ìbọn gidi, ẹni tó bá sì ní in láìní ìwé ti ṣẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn gígùn tó wà lórí àtẹ ni agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń rí agbára náà, àti bóyá ọwọ́ ẹni tó rà á lè mú un dúró ṣinṣin.

Orúkọ náà, "onígáàsì", gan-an ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí oríṣi mẹ́ta tí kò jọra ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń lo CO2 inú ìgò irin kékeré, irú èyí tí ìwọ̀n gáàsì inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 12. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì rọrùn láti lò. Àmọ́ ojú ọjọ́ ni ọ̀gá rẹ̀. Bí òtútù bá mú, agbára gáàsì náà á lọ sílẹ̀, ọta á sì máa balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n wò. Ìgbà òtútù tí igi ti wọ́wé, tí ọ̀kẹ́rẹ́ kò ríbi fara pamọ́ sí, ni ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń fẹ́ ìbọn rẹ̀ jù! Ìgbóná náà ní tirẹ̀: bí ó bá ti ju ìwọ̀n Celsius 31 lọ, CO2 kò lè wà ní olómi mọ́, agbára inú ìgò á sì máa gòkè kíákíá. Ẹni tó bá gbàgbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn Ìbàdàn ń fi ewu ṣeré. Ìbọn yìí dára fún fífi àgolo àti bébà ṣe àmì. Kò yẹ fún ohun ẹlẹ́mìí.

Nínú oríṣi kejì, gáàsì náítírójìn ni wọ́n dé pa sínú sílíńdà, kí ó lè rọ́pò sípíríngì onírin tó wà nínú ìbọn afẹ́fẹ́ àtijọ́. Ilé iṣẹ́ Theoben nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di ohun tí àwọn ọdẹ mọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980 sókè. Bí ènìyàn bá ti ṣẹ́ ọ̀pá ìbọn náà, gáàsì á fún pọ̀. Bí ó bá yìn ín, gáàsì á tì í jáde. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń rọ sínú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń ta: á ta sẹ́yìn, á tún ta síwájú, ọta kò sì tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹni tó bá dì í mú gírígírí ló máa ń tàsé jù. Ó ní láti gbé e jẹ́jẹ́, kí ó sì kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́.

Afẹ́fẹ́ lásán ni oríṣi kẹta ń lò, tí wọ́n fún pọ̀ sínú ìgò ara ìbọn, tó lè tó 200 bar. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ta rárá. Irú rẹ̀ ni àwọn tó ń díje nínú Òlíńpíìkì ń lò ní ìdíje mítà 10, níbi tí àmì tó ń mú máàkì mẹ́wàá wá kò fẹ̀ ju ìlàjì mìlímítà lọ. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí owó ìbọn, owó ìgò ńlá bíi ti àwọn òmùwẹ̀ tún wà, tàbí ti pọ́ǹpù ọwọ́ tó ń mú òógùn bọ́. Ẹni tó fẹ́ fi ìbọn kan ṣoṣo yin àmì, kí ó sì fi dáàbò bo oko, èyí ni kí ó fowó rẹ̀ rà bí apá rẹ̀ bá ká a. Bí kò bá ká a, kí ó mú oníná­ítírójìn, kí ó sì fi sùúrù kún un.

Ní ti ìwọ̀n ọta, .177 ń lọ tààrà ju .22 lọ, .22 sì wúwo jù ú. Àríyànjiyàn orí ọ̀rọ̀ yìí kò lópin láàárín àwọn ọdẹ, kò sì tó ohun tí wọ́n ń pariwo sí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ìdánwò orí bébà. Kí ènìyàn yin ọta márùn-ún. Ibi tó jìnnà jù tí gbogbo wọn ti lè wọ inú ààyè tí kò fẹ̀ ju owó ẹyọ kan lọ, ibẹ̀ ni òpin tirẹ̀. Orí ọ̀kẹ́rẹ́ kéré. Bí ọta bá ba ikùn rẹ̀, kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Á wọ́ lọ sínú ihò, á sì máa jẹ̀rora níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú, tí wọ́n kó wá láti Àríwá Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, ń bó èèpo igi, ó sì ń kó àrùn ran ọ̀kẹ́rẹ́ pupa onílé. Ìyẹn kò sọ ìyà di ohun tó tọ́ sí i.

Ìbọn yìí kì í sì í ṣe ohun ìṣeré. Ní ọdún 2005, ìbọn afẹ́fẹ́ gba ẹ̀mí ọmọ ọdún méjì kan ní ìlú Glasgow. Ìjọba Scotland ṣe òfin tuntun ní ọdún 2015, láti òpin ọdún 2016 sì ni ẹni tó bá ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ti gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì dé ibẹ̀. Ó yẹ kí ó ti dé ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé lọ́hùn-ún lè rò pé ohun tí wọ́n rà láìgba ìwé, àwọn lè gbé e wálé fún bàbá tó ń dáko. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn tó ń béèrè ìwé àṣẹ, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ìwé náà sì ti ń wá. Ọ̀nà tí ṣakabùlà ń gbà gba ìwé àṣẹ yàtọ̀ sí tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣakabùlà ló ń dẹ́rù ba àwọn ará ìlú ju ìbọn afẹ́fẹ́ lọ!

Kódà bí ìwé bá wà, iṣẹ́ tí bàbá náà ní lè má jẹ́ ti ìbọn yìí. Ọta kan, ẹran kan ni. Bí ẹ̀gà bá ya bo oko ìrẹsì, ìgbà tí ọ̀kan bá fi já bọ́, ìyókù á ti jẹ tán níwájú. Àwọ̀n àti ọmọ tó ń lé ẹyẹ ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní agbègbè Ọ̀wọ̀, níbi tí ibà Lassa ti ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu, yíyìnbọn pa eku tilẹ̀ lè dá kún ewu, nítorí kòkòrò àrùn náà wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku, ó sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó máa kan ọwọ́ ẹni tó bá gbé òkú rẹ̀. Ike onídèérí fún gàárì, àkìtàn tó jìnnà sílé, àti àyíká tí wọ́n ro dáadáa ni àwọn oníṣègùn ń sọ fún wọn lọ́dọọdún.