Ẹ Mọ Ẹ̀jẹ̀ Yín Kí Ẹ Tó Gbé Irin

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń wá láti Treichville àti Adjamé sí Plateau ní Abidjan, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe vigile (ẹ̀ṣọ́) lẹ́nu ọ̀nà báǹkì, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ní ọ́fíìsì títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn òbí yín pẹ̀lú, ìbáà ṣe Èjìgbò ni wọ́n ti wá, ìbáà ṣe Ìwó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Irin tí ẹ ń gbé nítorí ìjà àdàlù MMA tí ẹ ń wò lórí fóònù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kettlebell ni wọ́n ń pè é, irin roboto tó ní ìdìmú lórí. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ló ti wá. Wọ́n ti ń fi wọn ọkà lọ́jà níbẹ̀ kí àwọn alágbára tó sọ ọ́ di ohun ìdárayá. Òṣùwọ̀n àtijọ́ wọn, pood, lé díẹ̀ ní kílò 16, ìyẹn ni ẹ ṣe ń rí irin kílò 16, 24 àti 32 títí dòní. N kò bú irin yìí o. Ó wúlò fún oníjà ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó iyebíye lọ. Ìbàdí àti itan ló ń ju irin náà sókè, kì í ṣe apá. Ìbàdí àti itan náà ni oníjà fi ń gbé ẹni ṣánlẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni ìdárayá àwọn ọ̀gá tí àwọn ọmọ kéékèèké ń gbé wọ̀. Ráúǹdì MMA kan jẹ́ ìṣẹ́jú 5, nítorí náà àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ máa ń fi ìṣẹ́jú 5 gbáko gbé irin láì sọ ọ́ kalẹ̀. Wọn a jù ú, wọn a gbé e lé èjìká, wọn a nà án sókè, wọn a lóṣòó pẹ̀lú rẹ̀. Ìdánwò kan tiẹ̀ wà tó gbajúmọ̀: kílò 24, láti agbedeméjì itan dé òkè orí, nígbà 100, láàárín ìṣẹ́jú 5. Ọmọ tí kò tíì gbé irin pé oṣù kan á wò ó tán, á ní òun náà á ṣe é lálẹ́ yìí. Kó tó dé ìdajì, ẹ̀yìn á ti tẹ̀, èjìká á ti fẹ́ yẹ̀, síbẹ̀ ojú ò ní jẹ́ kó sọ ọ́ kalẹ̀. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Àwọn ọ̀gá náà kò fi alẹ́ kan dé ibẹ̀. Israel Adesanya, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Èkó ní 1989, ti pé ọmọ ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ ìjà ní New Zealand. Ọdún 2018 ló wọ àjọ ìjà UFC, oṣù Kẹwàá 2019 ló gba bẹ́líìtì ní Melbourne. Kamaru Usman, ọmọ Auchi, ti ń ja ìjàkadì láti ilé ìwé. Ẹ fọwọ́ ka iye ọdún tí wọ́n fi kọ́ ọ. 

Ẹ wá gbọ́ èyí tó gbóná jù. Nígbà ìgbéyàwó nìkan ni àwa máa ń béèrè jẹ́nótáìpù. Pásítọ̀ á béèrè, ìyá ìyàwó á béèrè, nítorí ẹ̀rù fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí ìyàwó jẹ́ AA, a ti gbà pé ọ̀rọ̀ tán. Kò tán. Ní Nàìjíríà, nínú ènìyàn mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan jẹ́ AS. Ara rẹ̀ le, ó lè jà, ó lè gbé irin. Àmọ́ bó bá ń fi gbogbo agbára ṣe é láìsinmi nínú ooru, tí omi sì ti tán lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè yí padà bíi ti ẹni SS, kó sì dí ọ̀nà mọ́ iṣan. Iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ohun tó bá ti ara rẹ̀ jáde á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, á sì dí kíndìnrín pa. Ní oṣù Kẹsàn-án 2006, Dale Lloyd, ọmọ ọdún 19 tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Yunifásítì Rice ní Texas, ṣubú níbi ìdánrawò, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. AS ni. Láti 2010 ni NCAA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn eléré ìpele àkọ́kọ́ wò.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mo ní kí AS má gbé irin. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 lórí bí 48,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú fi hàn pé àwọn AS kò kú ju àwọn yòókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣòro iṣan yẹn ń bá wọn jù. Àwọn ọmọ ogun yẹn ní òfin omi mímu, òfin ìsinmi àti òfin ooru. Ta ló ṣe òfin fún yín?

Ẹ tún wo ibi tí ẹ ti ń gbé irin: ọ̀sà Ébrié fẹ́rẹ̀ẹ́ yí Plateau ká tán. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún ọ̀rinrin, òógùn kì í tètè gbẹ, òógùn tí kò bá sì gbẹ kì í tu ara lára. Ibẹ̀ náà ni ẹlòmíì ti ń wọ ẹ̀wù rọ́bà kí ìwọ̀n ara rẹ̀ lè dín kù! Ní oṣù Kejìlá 2015, Yang Jian Bing, ọmọ Ṣáínà tó jẹ́ ọmọ ọdún 21, kú ní Manila lẹ́nu irú nǹkan báyìí kó tó jà. Ìgbà tó kú tán ni ONE Championship, àjọ tó ṣètò ìjà náà, tó fòfin de fífi omi tán lára láti dín ìwọ̀n ara kù.

Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ béèrè jẹ́nótáìpù kí ẹ tó fún ọmọ ní irin, ẹ sì jẹ́ kí kílò 16 mọ́ ọn lára dáadáa kó tó fọwọ́ kan 24. Bó bá ní iṣan òun ń ro òun, tí èémí rẹ̀ ń já, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ fún un lómi, kó má ṣe gbé irin mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbà á láyè kó lo Kadhafi, oògùn olóró ìgboro yẹn, láti fi pa ìrora. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bíi Coca, ìbáà jẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ fi àgbo sílẹ̀. Ẹ sọdá afárá lọ sí ilé ìwòsàn CHU Treichville kíákíá, kí ẹ sì sọ fún dókítà irú irin tó gbé, bó ti pẹ́ tó, àti bóyá AS ni.