Ìwé Wo Ni Kí A Rà fún Ìdánwò GRE?

 

Ìyá kan nínú àwọn òǹkàwé wa ní ìbéèrè kan fún wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti gba lísáǹsì, ó fẹ́ lọ tẹ̀síwájú ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí ó ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní GRE. Ọmọ náà rí ìwé àlòkù mẹ́rin lọ́dọ̀ àwọn tí ń tàwé lẹ́bàá títì, ó sì fẹ́ ra gbogbo wọn. Ìyá ní owó tó wà lọ́wọ́ òun kò ju ti ìwé kan lọ, bí ó bá pọ̀ tán, méjì. Èwo ni kí òun rà?

Ìyá wa, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó yẹn. Kí ọmọ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ni kò fi dandan béèrè GRE mọ́, pàápàá láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà dé. Àwọn mìíràn sì ń béèrè rẹ̀ síbẹ̀. Nínú yunifásítì kan náà, ẹ̀ka kan lè béèrè kí èkejì má béèrè. Nítorí náà, ẹ̀ka tirẹ̀ gan-an ni kí ó kọ̀wé sí.

Kí ó ṣọ́ra pẹ̀lú kí ó má lọ ra ìwé TOEFL dípò ti GRE. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe méjèèjì, ìyẹn ETS ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. TOEFL ń wò ó bóyá ọmọ gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. GRE ń wo bí ó ṣe ń ronú, bí ó ṣe ń lóye ohun tó kà, àti bí ó ṣe ń ṣírò. Ọmọ tó fi Faransé kàwé bí àwọn ọmọ tiwa lè nílò méjèèjì.

Bí ó bá ti dájú pé wọ́n béèrè GRE, ẹ wá wo ọjọ́ orí ìwé. Ìdánwò yìí yí padà gidigidi ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó sì tún yí padà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹ má gbára lé ẹ̀yìn ìwé tó ń dán. Ẹ ṣí inú rẹ̀.

Bí ìwé náà bá ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òdìkejì ọ̀rọ̀ kan, tàbí tó bá ní máàkì ń lọ láti 200 dé 800, ìwé tó ti wà ṣáájú 2011 nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, kódà bí ó bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ. Lónìí, láti 130 dé 170 ni máàkì ń lọ fún apá ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fún apá ìṣirò.

Bí ó bá ní àròkọ méjì ni ọmọ yóò kọ, tí ìdánwò sì gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, ìwé àárín 2011 sí 2023 ni. Ẹ má kẹ́gàn èyí. Irú ìbéèrè ọ̀rọ̀ àti ti ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń bi títí di òní. Bí kò bá wọ́n, ẹ rà á. Kí ọmọ fo àròkọ tó ní kí a tú àwíjàre ẹlòmíràn wò, nítorí wọ́n ti yọ ọ́, kí ó má sì fi àkókò inú ìwé náà díwọ̀n ara rẹ̀.

Ìdánwò òní gba wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 58: àròkọ kan ní ìṣẹ́jú 30, ìbéèrè ọ̀rọ̀ 27 ní ìṣẹ́jú 41, ìbéèrè ìṣirò 27 ní ìṣẹ́jú 47. Ìwé tó bá sọ báyìí ni ti òní.

Lẹ́yìn ọjọ́ orí, ẹ wo ẹni tó kọ ọ́. ETS fúnra rẹ̀ ń tẹ ìwé ìmúrasílẹ̀, ìbéèrè tó sì ti jáde nínú ìdánwò rí wà nínú rẹ̀. Bí owó kò bá tó ju ti ìwé kan lọ, ìyẹn ni kí ẹ rà. Àwọn bíi Kaplan, Princeton Review àti Manhattan Prep mọ bí a ṣe ń làdí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n fara wé ti ETS ni wọ́n ń kọ.

Ìwé tó kàn to ìdáhùn A, B, D sílẹ̀ láìsọ ìdí kò wúlò fún ọmọ tó kàwé ní Faransé. Nínú ìṣirò wa, 2,5 ni méjì àti ààbọ̀. Amẹ́ríkà ń kọ ọ́ ní 2.5. Bí wọ́n bá kọ 1,500, kì í ṣe ẹyọ kan àti ààbọ̀, ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ń tanni. Lẹ́nu Faransé, ẹni tó bá jẹ́ *sensible* ni ẹni tí nǹkan tètè máa ń dùn. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń fi làákàyè ṣe nǹkan ni. Ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa lè tipa báyìí pàdánù máàkì. Ìwé tó bá ṣàlàyé ìdí tí ìdáhùn kan fi tọ́ tí èkejì kò fi tọ́ ni yóò là á lójú.

Ohun tó tún wà lọ́fẹ̀ẹ́ nìyí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ETS ń fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ní ìdánwò ìdánrawò méjì tí wọ́n ń pè ní POWERPREP, láìgba kọ́bọ̀. Kí ọmọ ṣe ọ̀kan kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tàwé. Yóò fi han ibi tó kù sí. Bí ó bá jẹ́ ìṣirò ló kù, ìwé kejì tí ẹ máa rà kò gbọdọ̀ ju ti ìṣirò lọ. Kí ó fi èkejì pamọ́ títí di ìgbà tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Orí kọ̀ǹpútà ni ìdánwò gidi náà wà, ìwé nìkan kò lè kọ́ ọmọ ní ìyẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé òun ní ìbéèrè ìdánwò gan-an tí òun fẹ́ tà, ẹ lé e. ETS lè fagi lé èsì ọmọ. Owó á lọ, orúkọ á bàjẹ́. Ọmọ tí èsì rẹ̀ kò bá dára tó lè tún ṣe é lẹ́yìn ọjọ́ 21, èsì sì wúlò fún ọdún 5. Kò sí ìdí láti jalè.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ sọ fún ọmọ pé kí ó ṣí ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, kí ó sì fi àmì tí a sọ yìí wò wọ́n. Bóyá ọ̀kan ló máa kù. Kí ó ka ọ̀kan náà tán, kí ó kọ ìbéèrè tó kùnà sínú ìwé kékeré, kí ó sì padà sí wọn. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo; ẹni tó lé mẹ́rin ńkọ́?